Ta Ló Bi Ọmọ Ọ̀dọ̀ Léèrè?

 

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n inú ìwé ìtàn ni a ó ti mú un. Ẹnìkan lè sọ pé, "Pásítọ̀, kí ló kan àwa ará Ore kan ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn òyìnbó ti kọ láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn?" Ẹ fara balẹ̀, ẹ kà á dé òpin. Ẹ ó rí i pé ilé tí wọ́n ń sọ nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn kò jìnnà sí ilé tiwa.

Gbogbo wa la mọ bí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe máa ń lọ. Nǹkan olówó iyebíye sọnù, tàbí wọ́n bá òkú nínú ilé. Wọ́n pe ọlọ́pàá, ọlọ́pàá kò rídìí ọ̀rọ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí ojú rẹ̀ mú wá dé, ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó sì tú àṣírí nígbà tí ìwé ń parí lọ. Láàárín gbogbo èyí, ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń gbé tíì wọlé. Òun ló ṣí ilẹ̀kùn fún ọlọ́pàá. Òun ló kọ́kọ́ figbe ta nígbà tó rí òkú. Ó sọ gbólóhùn méjì, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ẹni tó ń kàwé kò sì rántí orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè méjì. Nígbà tí nǹkan bá sọnù nínú ilé, ta ni a kọ́kọ́ ń fura sí? Nígbà tí a bá sì ń wá òótọ́, ta ni a ń bi léèrè kẹ́yìn? Ẹnìkan náà ni ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

1. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ TÒÓTỌ́ NÍ ABÚLÉ ROAD

Kí a tó dé inú ìtàn àròsọ, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé.

Ní ayé Ọbabìnrin Victoria, tó jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1837 títí di 1901, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ gbòde kan. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1851, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé lé ní mílíọ̀nù kan, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni yóò jí ṣáájú gbogbo ilé láti dá iná, òun náà ni yóò sùn kẹ́yìn. Òun ló ń tẹ́ ibùsùn, òun ló ń da omi ìdọ̀tí nù, òun ló ń kó aṣọ fún alágbàfọ̀. Ó mọ ẹni tó sunkún mọ́jú, ó mọ ẹni tí kò sùn sílé, ó mọ aṣọ tó ní àbàwọ́n. Kò sí àṣírí tí ilé lè fi pamọ́ fún ẹni tó ń gbá a.

Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1860, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Road, wọ́n gbé ọmọdékùnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin kúrò lórí ibùsùn rẹ̀, wọ́n sì pa á. Saville Kent ni orúkọ rẹ̀. Inú ṣalángá tó wà lóde ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Ilé olówó ni. Ọlọ́pàá àdúgbò kò fẹ́ wo ojú onílé, wọ́n kọjú sí Elizabeth Gough, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú ọmọ, nítorí pé yàrá kan náà ni òun àti ọmọ ń sùn. Wọ́n mú un, wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n tún mú un, wọ́n tún dá a sílẹ̀.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wá láti Lọ́ńdọ̀nù, Jonathan Whicher ni orúkọ rẹ̀. Òun kò béèrè ẹni tó tálákà jù nínú ilé. Aṣọ ló béèrè. Ó rí i pé Constance, ọmọ onílé fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní aṣọ àwọ̀sùn mẹ́ta, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ti pòórá. Ta ló wá lè sọ bí aṣọ náà ṣe pòórá? Sarah Cox ni, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń di aṣọ ìdọ̀tí fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Whicher gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀, ó sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ kò gbà. Àwọn ìwé ìròyìn bú Whicher pé báwo ni yóò ṣe nàka sí ọmọ ènìyàn gidi nítorí aṣọ àwọ̀sùn kan ṣoṣo. Ẹnu kò sì kúrò lára Gough.

Ní 1865, Constance fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ jẹ́wọ́ pé òun ni. Ọdún márùn-ún gbáko ni ìfura fi wà lára ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí wọn kò rí ẹ̀rí kankan mú tì í lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà wa ní, àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Ní ilé yẹn, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó nílé, wọ́n fẹ́ fi dá ẹni tó ń gbá ilé lẹ́bi.

2. ROSANNA ÀTI OLÓWÓ ORÍ ÒKÚTA

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ yẹn, ní 1868, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Wilkie Collins gbé ìwé kan jáde tí wọ́n ń pè ní The Moonstone. Ìwé yìí wà lára àwọn tó la ọ̀nà fún ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ aṣọ àwọ̀sùn tó ṣẹlẹ̀ ní Road sì wà nínú rẹ̀ kedere.

Dáyámọ́ńdì ńlá kan sọnù nílé obìnrin ọlọ́lá kan ní òru ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà nínú ilé náà tó ń jẹ́ Rosanna Spearman. Èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ, kò sì lẹ́wà lójú ènìyàn. Ó ti jalè rí, ó ti ṣẹ̀wọ̀n, ìyá ilé ló ṣàánú rẹ̀ tó gbà á síṣẹ́. Ẹ lè fojú inú wo ibi tí ìka yóò kọ́kọ́ nà sí.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ dé ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, ó ń tú àpótí wọn. Gbogbo wọn bínú, kò sì rí nǹkan kan gbà lẹ́nu wọn. Nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Cuff dé láti Lọ́ńdọ̀nù, ó yí ọwọ́ padà. Ó ní bí a bá máa yẹ aṣọ wò, láti orí ìyá ilé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó kan àwọn àlejò, kí a tó kan àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyá ilé gbà. Àwọn àlejò gbà. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ fúnra wọn gbà tayọ̀tayọ̀, nítorí pé wọn kò dá wọn yọ sọ́tọ̀ bí olè. Ọmọ ìyá ilé nìkan ló kọ̀.

Rosanna mọ nǹkan. Òun ló rí aṣọ àwọ̀sùn tí ọ̀dà ẹnu ọ̀nà yí. Aṣọ Franklin Blake ni, ọ̀dọ́kùnrin tó wá kí wọn nílé náà, tí Rosanna sì fẹ́ràn ní ìkọ̀kọ̀. Ó gbé aṣọ náà pamọ́ kí wọ́n má baà mú un. Ó wá ọ̀nà láti bá Blake sọ̀rọ̀, ó wá a tì. Ní ọjọ́ kan, ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ tí Blake ń sọ pé ọ̀rọ̀ Rosanna kò kan òun. Ọmọbìnrin náà bá iyanrìn etí òkun tó máa ń gbé ènìyàn mì lọ.

Ṣùgbọ́n ó ti kọ lẹ́tà sílẹ̀. Ọmọ apẹja kan, ọmọbìnrin arọ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló fi lẹ́tà náà lé lọ́wọ́. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí Blake tó wá gbà á. Inú lẹ́tà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà: ibi tí aṣọ wà, ẹni tó ni ín, ohun tí ojú rẹ̀ rí. Láti inú ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ti kú ni wọ́n ti rí ọ̀nà dé ìdí òótọ́: pé Blake mú dáyámọ́ńdì náà láìmọ̀, nítorí oògùn tí wọ́n fi sínú ohun mímu rẹ̀, àti pé ọkùnrin mìíràn, tí gbogbo ayé ń pè ní ẹni rere, ló gbé e lọ fi yá owó.

Ẹ kíyè sí i. Dáyámọ́ńdì wà nínú ìwé yìí, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́lá wà níbẹ̀. Ìdá ńlá nínú òótọ́ sì wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń tẹ́ ibùsùn. Bí ẹnìkan bá ti jókòó tì í láti ọjọ́ kìíní, tó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í léèrè, ọ̀rọ̀ náà ì bá má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí kò bá má sì bọ́.

3. KỌ́KỌ́RỌ́ TÍ WỌ́N LÒ TÁN

Ẹ ti gbọ́ orúkọ Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Arthur Conan Doyle. Nínú ìtàn kan tó jáde ní 1904, ó fẹ́ wọ ilé ọkùnrin burúkú kan tó ń fi lẹ́tà àwọn ènìyàn halẹ̀ mọ́ wọn. Kí ló ṣe? Ó múra bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ omi ẹ̀rọ, ó ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ ilé náà rìn ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ṣèlérí pé òun yóò fẹ́ ẹ. Agatha ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Nígbà tí Holmes ti mọ ibi tí ohun gbogbo wà nínú ilé, ó kúrò níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Watson béèrè pé ọmọbìnrin náà ń kọ́. Holmes fèsì pé kò sí ọgbọ́n mìíràn tí òun lè dá, àti pé ọkùnrin mìíràn wà tó ń wá a. Kò sí ibi tí Agatha ti sọ gbólóhùn kan nínú ìtàn náà.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí à ń yìn nìyẹn o! Ó ṣe rere fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún, ó sì ba ọkàn ẹni tó fi ṣe kọ́kọ́rọ́ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra, kí àwa tí à ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn má baà tẹ ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà.

Kí n má ṣe fi apá kan ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ máa ń jalè. Conan Doyle náà kọ ìtàn kan ní 1892 níbi tí ọmọ ọ̀dọ̀ kan, Catherine Cusack, ti lọ́wọ́ nínú jíjí òkúta iyebíye ìyá ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n mú? Òṣìṣẹ́ kan tó wá tún nǹkan ṣe nínú ilé ni wọ́n mú, nítorí pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ìfura tí kò ní ẹ̀rí kì í mú olè gidi. Ẹni tó wà nítòsí, tí kò lẹ́nu, ló máa ń mú.

4. NÍ ILẸ̀ ADÚLÁWỌ̀ ŃKỌ́?

Àwa Yorùbá náà ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tiwa. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó kọ Àgbàlagbà Akàn ní 1971, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì mọ Lápàdé. Kọ́lá Akinlàdé náà fún wa ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Akin Olúṣínà. Àwọn ìwé dáradára ni. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó mú ọmọ ọ̀dọ̀ kúrò ní ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, tó gbé e sí àárín ilé, ọmọ ilẹ̀ Senegal ló kọ ọ́.

Ousmane Sembène ni orúkọ ọkùnrin náà. Ó ti ṣiṣẹ́ alárù ní èbúté ọkọ̀ ojú omi Marseille ní ilẹ̀ Faransé kó tó di òǹkọ̀wé. Ó ka ìròyìn kékeré kan nípa ọmọ ọ̀dọ̀ adúláwọ̀ kan tó gbẹ̀mí ara rẹ̀ nílé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ó kọ ìtàn kúkúrú láti inú rẹ̀, èyí tó jáde ní 1962, ó sì sọ ọ́ di fíìmù ní 1966. Àkọlé rẹ̀ ní èdè Faransé, La Noire de…, túmọ̀ sí obìnrin dúdú ti lágbájá. Ẹ wò ó, nínú àkọlé pàápàá, ti ẹnìkan ni ọmọ ọ̀dọ̀ náà. Kì í ṣe ti ara rẹ̀.

Bí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1958, ní ìlú Antibes, àwọn tó ń ṣe ìwádìí dé ilé kan tí òkú wà. Wọ́n wo òkú, wọ́n bi àwọn ará ilé léèrè, wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà ni Sembène ṣe ohun tí ọlọ́pàá kò ṣe: ó padà sẹ́yìn, ó sọ ìtàn náà láti inú ọkàn ọmọbìnrin tó kú. Diouana ni orúkọ rẹ̀. Ní Dakar, ọmọ ló ń tọ́jú fún wọn. Wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Faransé, inú rẹ̀ dùn pé òun fẹ́ rí ayé. Nígbà tó débẹ̀, òun ló ń se oúnjẹ, òun ló ń fọ aṣọ, òun ló ń nu ilẹ̀, ilé ìdáná sì di gbogbo ilẹ̀ Faransé tó rí.

Ohun kan wà nínú fíìmù náà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé sọ́kàn. Lẹ́tà dé láti ilé. Diouana kò mọ̀wé kà. Ọ̀gá rẹ̀ kà á fún un, ó sì mú kálàmù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì láti orí ara rẹ̀, láìjẹ́ pé ọmọbìnrin náà sọ ohun tó fẹ́ kí ó kọ. Ó jókòó síbẹ̀, ẹlòmíràn ń fi orúkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó sì kú, nínú ìtàn Sembène, ìwé ìròyìn fún un ní àyè kékeré kan ní ojú ewé inú, wọ́n ní àárò ilé ló pa á. Ẹjọ́ ti tán. Kò sí ẹni tí wọ́n bi pé, "Kí lẹ ṣe fún un?"

Iṣẹ́ ìjọba tí mo ń ṣe ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ni. Bí ọ̀gá bá kọ fáìlì ọmọ ọ̀dọ̀ fún un, ohun tó wu ọ̀gá ni yóò wà níbẹ̀.

5. RODA NÍNÚ ÌPÀDÉ ÀDÚRÀ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilé àwọn aláìgbàgbọ́ nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kejìlá. Peteru wà nínú túbú, ìjọ sì ń gbàdúrà fún un nílé Maria ìyá Johanu Marku. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Roda ló lọ wò ó, ó mọ ohùn Peteru, ó sáré wọlé lọ sọ. Àwọn tó ń gbàdúrà ní orí rẹ̀ ti yí. Ó tẹnu mọ́ ọn, wọn kò gbà. Ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbàdúrà sì wà lóde tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ará, èsì àdúrà wọn gba ẹnu ọmọ ọ̀dọ̀ wọlé. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù rẹ̀ nítorí ẹni tó mú un wá. Òótọ́ wà lẹ́nu Roda. Kò kàn sí lára àwọn tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ni.

6. ÀWA TÍ A WÀ NÍ ORE

Ìlú ìkóríta ni Ore. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Benin City, láti Onitsha àti ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ń lọ sí Èkó, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbà kọjá. Ọ̀nà Ondo àti ọ̀nà Okitipupa wọ inú rẹ̀ níbí. A máa ń rí wọn níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró jẹun: ọmọbìnrin kékeré tó gbé àpò Ghana Must Go lé itan, tó jókòó ti obìnrin kan tó ń pè ní àǹtí, tí kò sì lè sọ orúkọ àdúgbò tó ń lọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kọjá lọ. Ilé wa níhìn-ín ni wọ́n sọ̀ sí: ilé òṣìṣẹ́ ìjọba, ilé oníṣòwò, ẹ̀yìn ìsọ̀ olóúnjẹ etí títì, àti, kí a má purọ́, ilé àwọn ọmọ ìjọ.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, ó sì kọ̀ kí a gba ọmọdé ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé tàbí ẹbí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ondo sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2007. Òfin tó lòdì sí fífi ènìyàn ṣòwò, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2015, sì sọ pé ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n jura. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní, "Ọmọ ẹbí ni, mo ń ràn án lọ́wọ́ ni." Ó dára. Bí ọmọ ẹbí bá ni, kí ó lọ sí ilé ìwé bí àwọn ọmọ yín ṣe ń lọ, kí ó jẹun níbi tí wọ́n ti ń jẹ. Bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù ni ọjọ́ tí nǹkan bá sọnù. Ọjọ́ yẹn ni a máa ń mọ irú ilé tí ilé wa jẹ́. Owó ẹgbẹ́ kò sí nínú dúrọ́ọ̀ mọ́, tàbí góòlù ìyàwó ilé kò sí níbi tó wà. Kí ẹnikẹ́ni tó ronú, wọ́n ti ké pe ọmọ ọ̀dọ̀. Ìgbátí ti dún. Àwọn kan á tú u sí ìhòòhò, àwọn kan á gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Lábẹ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá yóò jẹ́wọ́ ohun tí kò mọ̀ rí. Ìjẹ́wọ́ tí a fi ìyà gbà, Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò gbà á nílé ẹjọ́. Bí ilé ẹjọ́ ayé kò bá gbà á, ṣé Ọlọ́run ni yóò gbà á?

7. OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ẹ jẹ́ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n ka àwọn ohun wọ̀nyí papọ̀.

(i) Ẹ mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ gan-an tí òbí rẹ̀ sọ ọ́, ọjọ́ orí rẹ̀, ìlú rẹ̀, èdè rẹ̀, nọ́ńbà fóònù àwọn òbí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kúrò nítòsí nígbà tó bá ń sọ ọ́. Ẹ má ṣe di ọ̀gá Diouana tó ń bá a kọ èsì.

(ii) Bí nǹkan bá sọnù, orí àpò tiyín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Lẹ́yìn náà, àpò ọmọ yín, àpò àbúrò ọkọ, àpò àlejò. Bí ó bá kan ọmọ ọ̀dọ̀, kò ní dà bí ẹ̀gàn mọ́. Ìyá ilé inú ìwé Collins gbà bẹ́ẹ̀, kò sì dín ọlá rẹ̀ kù.

(iii) Ẹ bi í léèrè bí ẹlẹ́rìí. Ẹ ní kó jókòó, ẹ sọ èdè tó gbọ́, ẹ jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ tán. Ẹ bi í pé, "Kí lo rí? Ta ló wọlé?" Ìbéèrè yìí yàtọ̀ sí, "Níbo lo gbé e sí?" Ọmọ tó ń gbá ilé lè ti rí ohun tí ẹ̀yin kò rí.

(iv) Ẹ má ṣe mú un tọ àwa pásítọ̀ wá kí a fi ìran dá a lẹ́jọ́. Èmi àti ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Iṣẹ́ wa ni láti gbàdúrà, láti gbani níyànjú, láti pẹ̀tù sí aáwọ̀. Ẹni tó bá pa ojú dé, tó sì nàka sí ọmọ aláìlẹ́nu láìsí ẹ̀rí, kí ó rántí pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ẹjọ́ ọmọ náà wà.

(v) Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọlọ́pàá, ẹ má jẹ́ kí ó dá nìkan lọ. Ẹ pe òbí rẹ̀, ẹ sọ fún ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ fún un ní èdè tó gbọ́, kó tó tẹ ìka sí i.

(vi) Bí ọmọbìnrin náà bá sọ fún yín pé ọkùnrin kan nínú ilé ń da òun láàmú lóru, ẹ má sọ pé orí rẹ̀ ti yí. Ẹ rántí Roda. Ì báà jẹ́ bàbá ilé ni ó dárúkọ, ì báà jẹ́ àbúrò yín, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọ, ẹ mú ọmọ náà kúrò lábẹ́ ewu ní ọjọ́ yẹn gan-an, kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Àjọ NAPTIP àti ọ́fíìsì wẹ́fíà wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

(vii) Bí ohun tó sọnù bá yọjú lábẹ́ tìmùtìmù, tàbí nínú àpò ìyẹn tí ẹ gbé lọ sí òde àríyá, ẹ bẹ ọmọ náà. Iwájú àwọn tó gbọ́ nígbà tí ẹ pè é lólè ni kí ẹ ti bẹ̀ ẹ́. Ariwo olè ti dé ẹnu gbogbo aládùúgbò, ẹ̀bẹ̀ náà gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Ẹnìkan yóò ní, "Pásítọ̀, bí a bá ṣe báyìí, ṣé wọn kò ní gun wá lórí?" Èmi kò sọ pé kí ẹ má bá ọmọ wí. Èmi kò sọ pé kí ẹ fi ilé yín ṣílẹ̀ fún olè. Mo ní kí ẹ wá òótọ́ ni. Whicher rí òótọ́ nítorí pé ó gbọ́ ẹ̀rí ẹni tó ń di aṣọ ìdọ̀tí. Àwọn tí kò gbọ́ ni wọ́n fi ọdún márùn-ún ṣìnà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi kan kù, ìwọ ọmọbìnrin tí o ń ṣiṣẹ́ nílé onílé ni mo fẹ́ bá sọ ọ́, ì báà jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń ka ìwé yìí sí ọ létí. Ohun tí ojú rẹ rí ní ìtumọ̀. Orúkọ rẹ kì í ṣe "ìwọ yìí". Bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọ́, má gbé e sínú nìkan bí Rosanna. Sọ fún ìyá kan nínú ìjọ, sọ fún tíṣà, sọ fún ẹni tí o gbọ́kàn lé. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbà ọ́ gbọ́, sọ fún ẹlòmíràn. Roda kò dákẹ́ nígbà tí wọ́n ní orí rẹ̀ yí. Ó tẹnu mọ́ ọn títí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ìdílé, ní alẹ́ òní, nígbà tí ẹ bá jẹun tán, kí wọ́n tó kó àwo, ẹ pe ọmọ tó fẹ́ kó àwo náà. Ẹ ní kó jókòó. Ẹ bi í pé báwo ni ọjọ́ rẹ̀ ṣe rí, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Kí Olúwa fún wa ní etí tó ń gbọ́. Àmín.